Ti Ọrùn Rẹ̀ Là Á Wò: Àwọn Alágbára Ayé àti Ọ̀rẹ́ Wọn ní Savalou àti Bantè

Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Òwe yìí kò ta kókó: kí a tó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí aṣọ, kí a kọ́kọ́ wo èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi bora. Àwọn àgbà tó pa á ń ronú nípa àna, aládùúgbò àti oníṣòwò. Bóyá ni wọ́n ro ti ààrẹ àti ọ̀gágun tí ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níwájú kámẹ́rà. Síbẹ̀, inú ọ̀rọ̀ àjọṣe orílẹ̀-èdè ńlá pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kékeré ni òwe náà ti wúlò jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń gbàgbé rẹ̀ kíákíá jù.

Savalou àti Bantè jẹ́ ibi tó dára láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìlú méjèèjì wà ní ẹkùn Collines, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí òkè àti àpáta pọ̀ sí. Ní Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumé, ọ̀nà ńlá tó ti Cotonou bọ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan gba Ṣábẹ àti Parakou lọ sí Malanville, ní ẹnu ibodè Niger. Èkejì gba Savalou àti Bantè lọ sí Djougou, Natitingou àti Porga, ní ẹnu ibodè Burkina Faso. Àwọn Mahi ló pọ̀ jù ní Savalou, ọba wọn sì ń jẹ oyè Gbaguidi. Àwọn Ìṣà, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, ló ni Bantè. Ní Tchetti, tó wà lábẹ́ Savalou lẹ́bàá ibodè Tógò, àwọn Ifẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n pẹ̀lú àwọn Ifẹ̀ Atakpamé ní òdìkejì. Kò sí èyí tó di alágbára ayé rí nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí alágbára tó kọjá lágbègbè náà tí kò ṣèlérí aṣọ fún wọn, tàbí fún ẹni tó ń ṣàkóso wọn.

Alágbára àkọ́kọ́ tí Savalou bá dọ́rẹ̀ẹ́ ni Abomey, olú-ìlú Dàhómì. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún sí ogún, àríwá Abomey, níbi tí ilẹ̀ Mahi wà, ni Dàhómì ti ń kó ẹrú tó ń tà ní Ouidah. Àwọn ìlú Mahi kò ní ọba kan ṣoṣo, olúkúlùkù ń dá ogun tirẹ̀ jà. Hounjroto, ọ̀kan nínú àwọn tó lágbára jù láàárín wọn, ṣubú sọ́wọ́ ọba Gezo ti Dàhómì. Savalou yan ọ̀nà mìíràn, ó fara mọ́ Abomey, ó sì dúró. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ewé á di ọṣẹ. Láìpẹ́, Savalou di ẹsẹ̀ tí Abomey fi ń tẹ ilẹ̀ Mahi.

Ká ní wọ́n wo ọrùn Abomey lọ́jọ́ náà, ohun méjì ni wọn ì bá rí. Àkọ́kọ́ ni ìṣákọ́lẹ̀: láti 1748 títí di nǹkan bí 1823, Dàhómì fúnra rẹ̀ ń san owó orí fún Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún. Èkejì ni pé ìjọba tó ń jẹun láti inú òwò ẹrú kò lè dẹ́kun ogun, nítorí náà kò lè fún aládùúgbò ní àlàáfíà tó ṣèlérí. Ẹni tó ń dáàbò bo Savalou ni ẹni tí Savalou ń sá fún gan-an. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ títí dòní, ó kàn jẹ́ pé aṣọ ìgbàlódé ni wọ́n ń wọ̀ fún un.

Àwọn tí kò ní ọ̀rẹ́ ló ru ẹrù tó kù. Ìdáàṣà, Ìṣà àti Ifẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń gun àpáta nígbà tí ìbọn bá dún. Ogun Gezo dé Atakpamé. Ní 1886, nígbà ọba Gelele, Dàhómì run Kétu pátápátá, ó sì kó àwọn ará ìlú náà lọ. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìwọ̀n agbára ní agbègbè kan kò jù báyìí lọ: bí alágbára bá gbé ọwọ́ lé èjìká ẹnì kan, ìnira tí ì bá kan onítọ̀hún á yí sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ńlá kì í mú ogun kúrò ní àdúgbò, ó ń yan ilé tí ogun yóò wọ̀ ni.

Kí Dàhómì tó ṣubú, ọ̀rẹ́ mìíràn ti dé etíkun. Ọba Tofa ti Àjàṣẹ́, tí a tún mọ̀ sí Porto-Novo, gba àsíá Faransé kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ Abomey, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti jókòó sí Èkó. Ọ̀gágun Dodds wọ Abomey ní oṣù Kọkànlá ọdún 1892. Ní oṣù Kìíní 1894, ọba Behanzin bọ́ sọ́wọ́ Faransé, wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique. Wọ́n fi Agoli-Agbo jọba dípò rẹ̀, wọ́n tún Kétu tẹ̀ dó, wọ́n sì ní àwọn wá gba àwọn ará àríwá lọ́wọ́ òǹrorò. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn ní ilẹ̀ Mahi àti ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí Abomey ti lé gun àpáta kò sì lè ṣe kó má yọ̀. Ọdún 1900 ni Faransé lé Agoli-Agbo lọ sí Gabon. Ọdún 1908 ni Tofa kú, wọn kò sì jẹ́ kí àrọ́pò rẹ̀ ju olóyè lásán lọ. Kétu tó padà sí ilé rí i pé àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 ti gé Mẹ́kọ̀ọ́ kúrò lára rẹ̀. Ní ti Savalou, ó di ibùjókòó ọ̀gá òyìnbó tó ń gba owó orí, tó sì ń kó ènìyàn lọ ṣe iṣẹ́ tipátipá. Ọdún 1946 ni òfin tó fagi lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó jáde.

Àwọn ọmọ ogun Dodds kó ìtẹ́, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àti ère láàfin Abomey lọ sí Paris. Nínú ohun tí wọ́n kó, 26 padà dé Cotonou ní oṣù Kọkànlá 2021, ìlú sì fi ayẹyẹ pàdé wọn. Ẹni tó dá díẹ̀ padà nínú ẹrù oníǹkan lẹ́yìn ọdún 129, tí oníǹkan sì ń dúpẹ́ bí ẹni gba ẹ̀bùn, kì í ṣe ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ṣíṣe.

Bí Faransé ṣe ń kó ọ̀rẹ́ jọ ni àwọn yòókù náà ń kó tiwọn. Jámánì ti fìdí múlẹ̀ ní Tógò láti 1884. Ní Nikki, ní ilẹ̀ Bàrùbá, Lugard gba ìwé àdéhùn fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1894. Ọjọ́ 26 oṣù yẹn ni Decoeur gba tirẹ̀ fún Faransé ní ìlú kan náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, Nikki ti ní olùgbèjà méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ pé ìlú náà ránṣẹ́ pè. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ Lugard ìdí tí ẹni tó wá gbèjà ìlú fi ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí sí Paris ní 1898, níbi tí wọ́n ti pín ilẹ̀ Bàrùbá: Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bùsá àti Kaiama bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tó ṣáájú ni Faransé àti Jámánì ti fa ìlà tiwọn láàárín Dàhómì àti Tógò. Ìlà náà gba àárín àwọn Ifẹ̀ kọjá. Tchetti di ti Faransé, Atakpamé di ti Jámánì, ẹbí tó ní oko ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì di ará orílẹ̀-èdè méjì láìkúrò lórí ẹní.

Ní oṣù Kẹjọ 1914, ọ̀rẹ́ Tchetti àti ọ̀rẹ́ Atakpamé wọ ìjà. Jámánì ti kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí Kamina lẹ́bàá Atakpamé, èyí tó ń bá Yúróòpù sọ̀rọ̀ tààrà, tó sì ń bá ọkọ̀ ojú omi wọn sọ̀rọ̀ lórí òkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti Gold Coast wọlé, Faransé ti Dàhómì wọlé. Jámánì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba wáyálẹ́ẹ̀sì náà jẹ́ lóru ọjọ́ 24 mọ́ 25, ó sì túúbá lọ́jọ́ 26. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó yìnbọn àti àwọn tó ru ẹrù, níhà méjèèjì. Lẹ́yìn ogun, Atakpamé náà bọ́ sábẹ́ Faransé, nítorí náà Ifẹ̀ ìhín àti Ifẹ̀ ọ̀hún di ọmọ ọ̀gá kan ṣoṣo. Ènìyàn lè rò pé ibodè yóò parẹ́ nígbà náà. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀gá máa ń lọ, ìlà tó fà kì í bá a lọ.

Òmìnira dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1960, ìjọba sì wá lè fúnra rẹ̀ yan ọ̀rẹ́. Ó yàn wọ́n gidi. Ní 1964, Dàhómì bá Ṣáínà ti Beijing ṣe àjọṣe. Ní 1966, ó já a sílẹ̀, ó lọ bá Taiwan. Ní ìparí 1972, lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gba ìjọba, ó padà sọ́dọ̀ Beijing. Ní 1974, Kérékou kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ọ̀nà ìlú, ọdún tó tẹ̀lé e ló sì yí orúkọ Dàhómì padà sí Benin. Ní oṣù Kìíní 1977, àwọn jagunjagun olówó ọ̀yà tí ọmọ Faransé kan, Bob Denard, kó wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Cotonou, wọ́n yìnbọn fún wákàtí díẹ̀, wọ́n sì sá lọ. Nígbà tó fi máa di 1989, ilé ìfowópamọ́ ti kógbá sílé, òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù gbà, ọ̀rẹ́ Moscow kò sì ní owó tí yóò yá ẹnikẹ́ni. Àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì 1990 tún gbogbo rẹ̀ ṣe láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀, Benin sì padà sọ́dọ̀ Paris àti Washington. Ní oṣù Kìíní 1994, owó sẹ́fà tí Faransé ń ṣe onídùúró fún pàdánù ìdajì iye rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó tọ́jú owó ọjà òkèèrè ọdún kan pamọ́ ní Bantè jí, ó bá ti oṣù mẹ́fà.

Ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó wà ní Ṣábẹ, nínú ẹkùn Collines yìí kan náà, ni ìwé ìtàn tó kúrú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Benin, Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ Lonrho ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ní ìdajì àwọn ọdún 1970, kí Nàìjíríà lè máa ra ṣúgà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìgbà tí owó epo Nàìjíríà ń wálẹ̀, ibodè sì wá tì pa. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi rọ, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan ló wá gba ìṣàkóso rẹ̀. Ìrèké náà kò kúrò níbi tí wọ́n gbìn ín sí, orúkọ ọ̀rẹ́ tó wà lára pátákó ló ń yí padà.

Ti Nàìjíríà yẹ ní àkíyèsí, nítorí alágbára tó wà nítòsí ni. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Benin ní 1984, ó tún tì í ní 2003, ó sì tì í láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Kò bá Benin jà rárá. Ní 2019, ìrẹsì àti ẹrù mìíràn tó ń wọlé láìsan owó ibodè ló ń bá wí, Benin kàn wà lójú ọ̀nà ni. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, epo kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní gbogbo Benin gbówó lórí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé ènìyàn ní Savalou kò dìbò ní Nàìjíríà, àmọ́ ìdìbò náà kàn án. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, àwọn ọmọ ogun kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Cotonou, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà ti dá sí i, Faransé náà sì ṣèrànwọ́, ìdìtẹ̀ náà sì forí ṣánpọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni, bí àgbà náà bá tilẹ̀ ní ọmọ tirẹ̀ tí orí rẹ̀ ti wọ́ láti ìgbà tí Boko Haram ti dìde ní 2009.

Òpin ọ̀nà tó gba Savalou àti Bantè kọjá ni ìjà ti wọ Benin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2021, àwọn agbébọn kọlu ọmọ ogun Benin ní Porga. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ogun tó pè ní Mirador ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lọ sí àríwá. Ìjọba jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ọmọ ogun 54 kú nínú ìkọlù ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025 ní ọgbà ẹranko W. Ibi tí Benin, Niger àti Burkina Faso ti pàdé ni èyí ṣẹlẹ̀, níbi tí ọ̀tá mẹ́ta kò sí. Ọ̀tá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Ó yẹ kí wọ́n jọ jókòó ti ara wọn. Ọ̀rẹ́ ló fà á tí wọn kò fi jókòó.

Àwọn ológun gba ìjọba Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún wọn ní ọjọ́ méje, ó ní bí wọn kò bá dá ààrẹ padà òun lè lo ipá. Nàìjíríà gé iná mànàmáná wọn, Benin ti ibodè Malanville. Mali, Burkina Faso àti Niger da ara wọn pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n sì jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá ní oṣù Kìíní 2025. Nígbà tí ECOWAS ṣí ibodè padà ní 2024, Niger kọ̀, ó ní Faransé ń lo Benin láti múra ogun sí òun. Benin ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹrù tó ń gba Malanville dín kù, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sì ń rù ú kọjá Odò Ọya. Nínú gbogbo èyí, ọ̀pá epo rọ̀bì kan tó gùn tó 1,950 kìlómítà ti ti Agadem ní Niger dé Sèmè-Kpodji létí òkun Benin, owó Ṣáínà ló sì kọ́ ọ. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Benin dí epo náà lọ́nà nítorí ibodè tí Niger tì. Àwọn ará Ṣáínà ló wá bẹ̀ wọ́n. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: ìjọba méjì tí kò fẹ́ rí ara wọn ń jẹ nínú ọ̀pá kan náà, ẹni ẹ̀kẹta ló sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀nà tí a ń gbà gba ọ̀rẹ́ tuntun ti di ìlànà ní agbègbè náà báyìí. Wọ́n á kọ́kọ́ sun àsíá ọ̀rẹ́ àtijọ́. Wọ́n á wá na àsíá ọ̀rẹ́ tuntun sókè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ tuntun yóò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ní Niamey ní 2023, àsíá Rọ́ṣíà gba ìgboro, àwọn aránṣọ ìlú náà ló sì ń rán an tà. Aṣọ àkọ́kọ́ tí ọ̀rẹ́ tuntun fi bo Niger nìyẹn, owó ará Niger ni wọ́n fi rà á.

Kò ṣòro láti wo ọrùn àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Faransé wọ Mali pẹ̀lú ọmọ ogun ní oṣù Kìíní 2013, ó jáde ní oṣù Kẹjọ 2022, ilẹ̀ tí agbébọn ti ń jà sì fẹ̀ sí i ju ti ọjọ́ tó wọlé lọ. Amẹ́ríkà ná ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là sórí pápákọ̀ òfurufú ogun kan ní Agadez, ó sì kó ẹrù rẹ̀ jáde ní 2024. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ló ti jáde ní Afghanistan, ojú gbogbo ayé ló sì ṣe. Rọ́ṣíà rán Wagner, ẹgbẹ́ jagunjagun olówó ọ̀yà, sí Mali ní ìparí 2021. Ní oṣù Kẹfà 2023, Wagner yí ìbọn sí Moscow fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, bàálù tó gbé olórí rẹ̀, Prigozhin, já, ó sì kú. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ó ju 500 ènìyàn tí ọmọ ogun Mali àti àwọn àjèjì tó bá wọn rìn pa ní Moura ní 2022. Ní oṣù Keje 2024, Wagner fìdí rẹmi ní Tinzaouaten ní Mali. Ṣáínà kì í rán ọmọ ogun wá, ìwé gbèsè ló ń rán: Niger gba 400 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ ní 2024 láti fi epo tí kò tíì tà san án. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2025, Niger lé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo Ṣáínà jáde. Ẹni tó bá wo ọrùn wọn tán yóò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìhòòhò kan náà ni gbogbo wọn wà, kálukú kàn yàtọ̀ ní ibi tó fi ọwọ́ bò.

Níbí ni ìwà òmùgọ̀ ìgbàlódé ti yí òwe àtijọ́ po. Àwọn àgbà ní ká wo ọrùn ẹni tó ń ṣèlérí. Àwọn olóṣèlú òde òní ń wo ọrùn, wọ́n kàn ń wo ti ẹni tó ń lọ ni. Wọ́n mọ gbogbo ihò tó wà lára aṣọ Faransé, wọ́n lè ka gbogbo rẹ̀ lórí rédíò láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á di ojú, wọ́n á na ọrùn fún Rọ́ṣíà. Ní Cotonou, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe ní òdìkejì: ihò ara aṣọ Rọ́ṣíà ni wọ́n ń kà.

Àìrí kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Savalou, Bantè àti gbogbo Collines, òwú wà lóko. Benin ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó òwú jù ní Áfíríkà, ó sì kórè ohun tó ju 700,000 tọ́ọ̀nù lọ ní ìgbà ìkórè òwú 2020 sí 2021. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun láìtíì hun, Bangladesh sì ni oníbàárà ńlá. Aṣọ tí wọ́n bá hun níbẹ̀, àwọn ará Yúróòpù á wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ gbó, wọ́n á dì í ní ẹrù ńlá, á sì gba etíkun dé ọjà Missèbo ní Cotonou gẹ́gẹ́ bí aṣọ àlòkù. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gun ọkọ̀ padà sí Savalou. Ẹni tó gbin òwú náà yóò ra á, yóò sì máa dúpẹ́ pé aṣọ òyìnbó kì í tètè ya. Ọ̀rọ̀ kajú náà kò yàtọ̀. Savalou àti Bantè wà lára ibi tí kajú ti pọ̀ jù ní Benin, fún ọ̀pọ̀ ọdún, India àti Vietnam ló sì ń fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kan ti ń hàn. Ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ sí hun òwú ní Glo-Djigbé, ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 2020. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024, ó ti fòfin de kíkó kajú tí wọn kò tíì fọ́ jáde. Kò sí ọ̀rẹ́ ńlá tó bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lóko ẹni ló ń fà á. Àgbẹ̀ Bantè ṣì lè kùn pé oníbàárà kéré sí i láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ tó gba ibẹ̀ san owó tó tọ́. Bí ìjọba kò bá dá a lóhùn, Glo-Djigbé náà yóò di ọ̀rẹ́ ńlá kan sí i.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ti ara rẹ̀ lè bá ẹnikẹ́ni ṣòwò láìbẹ̀rù. Orílẹ̀-èdè Benin nílò Faransé, Ṣáínà, Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà, bí olùrà, oníṣòwò àti ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́. Kò sí ìdí kan tó fi yẹ kí ìkankan nínú wọn máa sọ fún un ẹni tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láàárín àwọn tó bá a pààlà. Nígbà tí Abomey ṣe bẹ́ẹ̀ fún Savalou, àwọn Ìṣà àti Ifẹ̀ ni wọ́n jìyà rẹ̀. Nígbà tí Faransé àti Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀, Tchetti pínyà pẹ̀lú Atakpamé. Lónìí, àwọn ọmọ ogun tó ń kú ní Porga àti ní W ló ń san gbèsè rẹ̀.

Faransé lè di ẹrù rẹ̀ kó kúrò ní Niamey, ó sì ti ṣe é. Rọ́ṣíà lè ṣe é lọ́la. Niger, Nàìjíríà, Tógò àti Burkina Faso kò ní ibi tí wọn yóò kó lọ, Benin pẹ̀lú kò ní. Àdéhùn tó yẹ kí Cotonou, Niamey àti Ouagadougou kọ́kọ́ fọwọ́ sí ni èyí tí wọn yóò bá ara wọn ṣe lórí Porga àti Malanville, kí wọ́n tó fọwọ́ sí èyíkéyìí pẹ̀lú ẹni tó ti òkèèrè wá.